Ọmọ Orí Àtẹ̀gùn

Kò sí ẹni tó ń pe obìnrin náà ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́ nínú ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó Ìwé ni gbogbo wọn ń pè é. Kápítéènì ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkùnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tukọ̀ kí ẹsẹ̀ tó dá a jókòó. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí obìnrin ti ń nu eruku kúrò lára ìwé bí ìyàwó titun ṣe ń nu bàtà ọkọ rẹ̀. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ fún àwọn arúgbó náà, yàrá tẹ̀ lé yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Kò sí òkè, kò sí àtẹ̀gùn, nítorí orúnkún àgbà kì í bá àtẹ̀gùn ṣọ̀rẹ́. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá ìwé wà: fèrèsé kan, tábìlì kan, pẹpẹ ìwé lára ògiri, àti kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tó máa ń mí fìn-ìn fìn-ìn bí ẹni tí òtútù mú.

Ojú ni ìṣòro àwọn ará ilé náà. Lẹ́tà inú ìwé ti kéré jù fún wọn. Ni àwọn ọmọ wọn bá dáwó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ ìkàwé fún wọn, ohun pẹlẹbẹ kan tó dà bíi wàláà, tí ènìyàn lè fi sọ lẹ́tà di ńlá bó bá ṣe wù ú. Inú àwọn àgbà dùn títí wọ́n fi rí i pé oríṣi méjì ni ẹ̀rọ náà, àti pé èdè wọn kò yé ara wọn. Ìwé tó ń ṣí lára ti Kápítéènì kì í ṣí lára ti Màmá Agbẹ̀bí. Màmá yìí ni àgbà gbogbo wọn, obìnrin tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ gba ọmọ ẹni, tó tún gba ọmọ ọmọ ẹni. Nígbà tí ẹ̀rọ náà sọ fún un pé òun kò lè ṣí ìwé tó fẹ́ kà, ó gbé e fún Ìyàwó Ìwé padà.

"Gba nǹkan rẹ. Kò tíì rọbí."

Àbúrò Ìyàwó Ìwé lọ́kùnrin ló yọ ọ́ nínú wàhálà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ní ìlú mìíràn. Lórí fóònù ló ti dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ètò kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìwé padà láti irú kan sí irú mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ohun ọ̀fẹ́ náà ni eku rí nínú pàkúté."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Eléyìí ò ní pàkúté. Gbangba ni wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ sí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè tú u wò. Ẹ ó gbé ìwé sínú rẹ̀, ẹ ó sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi kà á, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ìwé ọ̀hún ò yí padà o. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló pààrọ̀."

"Bó bá ti wà níhòòhò láàárín aṣọ méjèèjì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ sùn."

Ìyàwó Ìwé kò sùn. Ó gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé òótọ́ ni àbúrò òun sọ. Bí ẹní ń bó ẹ̀pà ni. Ìwé tó kọ́kọ́ yí padà ni ìtàn ìdílé kan tó ń gbé inú ilé àtijọ́ lẹ́bàá odò, bàbá, ìyá, àti àwọn ọmọkùnrin wọn. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́tipẹ́, ìwé náà sì ti di ti gbogbo ayé. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló gbé e fún Kápítéènì. Èyí tó yí padà ló gbé fún Màmá Agbẹ̀bí. Àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, ojú wọn kò sì kúrò lára ẹ̀rọ.

Nígbà tó ń pín tíì kiri lọ́jọ́ kan ni Màmá Agbẹ̀bí fà á láṣọ.

"Ìyàwó Ìwé, ìtàn yìí dùn, àmọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ò lójú àánú. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ wo, Màmá?"

"Ọmọbìnrin tó dúró lókè àtẹ̀gùn."

Kápítéènì gbójú sókè nínú ìwé tirẹ̀. "Ọmọbìnrin kankan ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Èmi ti kà á parí."

"Ojú yín ló ti parí, Kápítéènì. Kì í ṣe ìwé."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, Ìyàwó Ìwé náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ibi tí ìyá ti ń pe àwọn ọmọ wá jẹun ni Màmá ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ sáré sọ̀kalẹ̀, ìyá ti ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni gbólóhùn kan wà: *Lókè àtẹ̀gùn, ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé dúró, ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, kò sì sẹ́ni tó pè é.*

Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ṣí ìwé náà bó ṣe wà kó tó yí i padà. Àwọn ọmọ sáré sọ̀kalẹ̀, ìyá ti ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó fa èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà yọ lórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ sáré sọ̀kalẹ̀, ìyá ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọmọbìnrin níbì kankan.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àṣìṣe ni. Ẹni tó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti ilé kan sí ilé mìíràn, ẹrù ẹlòmíràn lè kó mọ́ tirẹ̀. Ó pa èyí tó yí padà rẹ́, ó sì tún ìwé náà yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ti parí ló wá ojú ìwé ọ̀hún lọ.

*Ní àárín àtẹ̀gùn, ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé dúró, ó ń tẹ́tí sí ariwo abọ́ nísàlẹ̀.*

Orí Ìyàwó Ìwé wú. Kì í ṣe pé ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀ ló bà á lẹ́rù. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ó ti rìn.

Ó mú ìwé mìíràn, ìtàn nípa àgbẹ̀ kan, ó yí i padà, ó kà á lójú méjèèjì. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó mú òmíràn, kò sí ohun tó ṣe é. Ìwé ilé lẹ́bàá odò nìkan ni. Ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní bóyá ìwé náà lóyún ni, kí ó gbé e lọ fún Màmá Agbẹ̀bí. Ọjọ́ kejì ló tó pè padà, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ọmọ kankan nínú èyí tí èmi alára yí padà."

"Ẹ ṣé o, Olúwa."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ohun tí mo rí ni pé àtẹ̀gùn ṣófo. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. *Àtẹ̀gùn ṣófo, ṣùgbọ́n ó ń dún.* Mo wá a nínú èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìwé yẹn sílẹ̀. Ìwé pọ̀ láyé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn àgbà ti jẹun tán tí wọ́n ń tòògbé nínú àga wọn, Ìyàwó Ìwé jókòó sídìí tábìlì, ó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé kan tó ti já. Oòrùn wà lójú fèrèsé. Ó gbọ́ ìró kan lókè orí rẹ̀. Kọ̀. Ìró ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ kékeré lórí pákó. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ bóyá kí òun máa lọ. Kọ̀. Páànù òrùlé ló wà lókè orí rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Táìlì ni ilẹ̀ gbogbo ilé náà. Kò sí pákó níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè dún lórí rẹ̀.

Ó gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó lọ sí yàrá Màmá Agbẹ̀bí láti gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun yóò nu ìwé yẹn kúrò níbẹ̀, òun yóò sì fi ìtàn àgbẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Màmá Agbẹ̀bí kò sùn. Ó jókòó gbọnrangandan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ya irun rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó fi ń gba àlejò. Ẹ̀rọ ìkàwé wà lórí itan rẹ̀.

"O gbọ́ wọn, àbí o ò gbọ́?" ó béèrè. "Wọ́n ti dé àárín."

"Àwọn wo, Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyàwó Ìwé bojú wẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé arúgbó kan ni yóò rí lẹ́nu ọ̀nà, arúgbó tó ju arúgbó lọ, tó fi ọ̀pá rìn. Kò rí ẹnikẹ́ni.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó ṣì wà láyé, Màmá."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé wọ́n wà láyé ni?"

Ìyàwó Ìwé jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Màmá Agbẹ̀bí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tó ń bá aláboyún sọ̀rọ̀.

Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò ju ọmọ tó ń ká eyín lọ nígbà tí ibà kan wọ inú ilé àwọn. Òun alára ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ni. "Ìyá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró sókè, kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀ wá bá wa títí òun yóò fi ní ó yá, kí ibà náà má baà ràn mí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ràn. Mo máa ń wo òkè láti ìsàlẹ̀, màá rí wọn nínú aṣọ aláwọ̀ ewé wọn, wọ́n á di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, wọ́n á máa yọ ahọ́n sí mi kí n lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo wòkè, mi ò rí wọn mọ́. Bàbá wa kó ohun gbogbo tó jẹ́ tiwọn kúrò nílé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ wọn mọ́, nítorí ìyá wa. A ò sì dárúkọ wọn. Ìyá wa kú, a ò dárúkọ wọn. Bàbá wa kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ yẹn láyé."

"Ó mà ṣe o, Màmá."

"Ohun tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn. Ẹni gbogbo ló ń kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó padà lọ sọ fún wọn pé ó ti yá, pé wọ́n lè máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀."

Ìyàwó Ìwé na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ pa rẹ́?"

"Ẹ má bínú. Àmọ́ ẹni tó ti lọ, tó wá ń..."

"Wo ọwọ́ mi yìí." Màmá Agbẹ̀bí gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Mo ti fi gba ọmọ tó ké, mo ti fi gba èyí tí kò ké. Mo ti wẹ òkú ìkókó, mo ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ti lọ gba ẹlòmíràn ní yàrá kejì. Má fi òkú dẹ́rù bà mí. Ètò rẹ yẹn, ṣé ó níbi tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí?"

Ìyàwó Ìwé ronú. Ibẹ̀ wà lóòótọ́. Kí ó tó yí ìwé padà, ètò náà máa ń ṣí ojú kan sílẹ̀ tí ènìyàn ti lè kọ orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bá fẹ́ kó bá ìwé náà lọ.

"Ó wà, Màmá."

"Gbé mi lọ síbẹ̀."

Ó ti Màmá nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Wọ́n kọjá níwájú pálọ̀ tí Kápítéènì ti ń han-run. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ohunkóhun. Nínú yàrá ìwé, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sún mọ́ tábìlì, ó ṣí ìwé ilé lẹ́bàá odò, ó kọ́kọ́ yí i padà bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n jọ ka ohun tó jáde.

*Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ku ẹsẹ̀ kan kí ó kan ilẹ̀, ọmọbìnrin náà dúró. "Ṣé ó ti yá?" ni ó béèrè. Abọ́ ń dún nínú yàrá ìjẹun. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.*

"Háà," ni Màmá Agbẹ̀bí sọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ohùn wọn nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ìyàwó Ìwé ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀, ó fi bọ́tìnnì hàn án, ó sì dìde lọ dojú kọ fèrèsé. Kò fẹ́ rí orúkọ tí wọ́n ti pa mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń gbọ́ ìka àgbà lórí bọ́tìnnì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá lẹ́tà bí ẹní ń ṣa ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ nígbà tí Màmá ń ka ohun tó kọ sókè. Orúkọ náà, ó kà á wúyẹ́wúyẹ́, kò já sí etí rẹ̀. Ìyókù, ó kà á ketekete: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yá o. Ẹ máa bọ̀."

"Tẹ̀ ẹ́," ni Màmá wí.

Ìyàwó Ìwé padà wá, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìlà aláwọ̀ búlúù tó máa ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, ó dúró. Kọ̀ǹpútà dákẹ́, kò mí mọ́. Ìró ẹsẹ̀ tún dé, kì í ṣe lókè mọ́, kì í sì í ṣe ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan mọ́. Eré ni, eré ọmọdé tí wọ́n ní kó jókòó fúngbà pípẹ́ tí wọ́n wá tú sílẹ̀, patapata láti ìkángun kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá yàrá ìdáná, ó kọjá pálọ̀, ó ń bọ̀. Ìyàwó Ìwé di tábìlì mú. Ilẹ̀kùn yàrá ìwé ṣí díẹ̀, ìwọ̀n tí ara tóóró lè gbà kọjá.

Màmá Agbẹ̀bí na ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ibi tí orí ọmọdé máa ń dé. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Ìyàwó Ìwé kò rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn ìka náà tẹ̀ kọrọkọrọ, bí ìka ṣe ń rí nígbà tí ènìyàn bá gbé e lé orí ẹlòmíràn, ó sì rí i tí wọ́n rọra lọ sókè, rọra lọ sílẹ̀, pẹ̀lú mímí ẹnì kan tó ti sáré.

"Ẹ kú ìrìn," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ kú àdúrótì."

Kọ̀ǹpútà mí. Ìlà náà dé òpin. Nígbà tí Ìyàwó Ìwé rí okun wo ìwé tó jáde, àwọn ọmọ sáré sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìwé bébà, kò sì sí ọmọbìnrin mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yàtọ̀. Níbi tí ìwé bébà ti sọ pé ìyá ti ilẹ̀kùn, eléyìí sọ pé ìyá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò tún un yí mọ́. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó pe àbúrò rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. "Kí lẹ ṣe sí i?" "A dá a lóhùn ni." Àbúrò rẹ̀ kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní òun ní oníbàárà níwájú.

Láti ìgbà náà ni Màmá Agbẹ̀bí ti ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Oúnjẹ ń wù ú jẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ara rẹ̀ le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ní oògùn tuntun ló ṣiṣẹ́. Ìyàwó Ìwé kò jiyàn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń yí ìwé padà fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò tún gbé ìwé kan fún ẹnikẹ́ni mọ́ kí ó tó fi wé èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Kápítéènì ké sí i ní pálọ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ìyàwó Ìwé, ọmọ ta ni yẹn? Ṣé wọ́n ti ń gba ọmọdé síbí ni? Sọ fún un kó yéé fi ẹsẹ̀ gbá àga mi."

Kí Ìyàwó Ìwé tó mọ ohun tí yóò sọ, Màmá Agbẹ̀bí ti dáhùn láti ìjókòó rẹ̀, láìgbé ojú sókè nínú ìwé.

"Kápítéènì, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Wọ́n ń gbọ́ yín. Wọ́n sì jù yín lọ."

Kápítéènì tún wo ibi tó ń wò. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ti pàṣẹ fún àwọn atukọ̀ lójú ìjì rọra yọ fìlà rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mà," ló wí fún afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ Màmá Agbẹ̀bí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí agogo oúnjẹ dún, Ìyàwó Ìwé lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màmá láti tì í lọ sí yàrá ìjẹun. Kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́. Ó fúyẹ́ jù, bí ẹrù tí ẹnì kejì ti bá ènìyàn gbé. Ó dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó tó ní ìgboyà láti tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kò dúró. Ó ń lọ jẹ́ẹ́, tààrà, Màmá Agbẹ̀bí sì yí orí sẹ́yìn díẹ̀, ó ń fọhùn sí ẹni tó ń tì í, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ kékeré. Ìyàwó Ìwé dúró di ìgbà tí wọ́n ṣíwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé wọn, kò kánjú, ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn bí a ṣe ń fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà.